Humphrey Bogart: Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ Kérésì, tí ipa ọ̀daràn sọ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká

Ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1899 ni wọ́n bí òṣèré Humphrey Bogart ní New York, l'Amẹ́ríkà. Apànìyàn tó ń sá fún ọlọ́pàá ló ṣe nínú The Petrified Forest lọ́dún 1936, ibẹ̀ lòkìkí ẹ̀ ti kàn.

Lọ́dún 1955, ó di ẹlẹ́wọ̀n tó sá nínú We're No Angels, àmọ́ ẹ̀rín ni tọ̀tẹ̀ yìí. Kérésì ku ọ̀la, àwọn ẹlẹ́wọ̀n mẹ́ta fẹ́ ja ṣọ́ọ̀bù kan lólè. Ìdílé tó wà níbẹ̀ ṣe wọ́n lálejò, wọ́n jọ jẹun ọdún. Olè ò ṣeé ṣe mọ́ o! Wọ́n gba ìdílé náà lọ́wọ́ ìbátan tó ń ni wọ́n lára, wọ́n sì fẹsẹ̀ ara wọn padà sẹ́wọ̀n.

Jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun ló pa Bogart ní January 14, 1957, lẹ́ni ọdún 57.