Samuel Manuwa: Ọ̀bẹ Nìkan Kọ́ Ló Ń Wo Egbò Sàn

Ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn ní kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé gbajúmọ̀ kan tó tan mọ́ àwa ará etí omi, tó sì ti kú tipẹ́. Mo mú Sir Samuel Layinka Ayodeji Manuwa, dókítà oníṣẹ́ abẹ. Ẹsẹ̀ bàbá mi àgbà ló jẹ́ kí n mú un. Ẹ ní sùúrù, màá débẹ̀.

Ọdún 1903 ni wọ́n bí Manuwa. Àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ni bàbá rẹ̀, ìdílé wọn sì ti Itebu-Manuwa wá, ìlú etí omi ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wa níbí. Nígbà tí òun náà di àgbà, ó joyè Iyasere níbẹ̀. Ní 1902, ọdún kan péré kí wọ́n tó bí i, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn dókítà wọn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jọ sábẹ́ ẹgbẹ́ kan, wọ́n sì ṣe é lófin pé ọmọ òyìnbó nìkan ló lè wọ̀ ọ́. Bó ti wù kí aláwọ̀ dúdú mọ̀wé tó, ìta ló wà. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Manuwa lọ sí CMS Grammar School àti King's College l'Ékòó. Lẹ́yìn náà ó lọ kọ́ṣẹ́ dókítà ní Edinburgh, ní ilẹ̀ Scotland, ó sì gboyè ní 1926. Ọdún 1927 ló padà wálé, tó sì wọṣẹ́ ìjọba. Ní 1938 ó gba FRCS, ìwé ẹ̀rí àgbà fún àwọn oníṣẹ́ abẹ, òun sì ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gbà á.

Ọ̀kan lára ohun tó sọ ọ́ di olókìkí ni egbò àdáàjinná. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Igi á ya èèyàn lójúgun, á fomi ṣàn án, á sì padà sóko. Kó tó mọ̀, ojú egbò ti fẹ̀, ó ti ń rùn, ẹran inú rẹ̀ ti kú. Ó lè jẹ dé eegun. Tó bá wà lára fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó lè di jẹjẹrẹ. Nígbà tí Manuwa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò tíì sí pẹnisílínì. Ọdún 1928 ni wọ́n ṣàwárí rẹ̀, ó sì di àwọn ọdún 1940 kó tó wọ́pọ̀. Ohun tí dókítà lè ṣe ni kó gé òkú ẹran kúrò láìba èyí tó wà láàyè jẹ́. Manuwa wá ṣe ọ̀bẹ kan jáde fún iṣẹ́ yẹn gan-an.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rò ó. Ẹni tí egbò yìí máa ń bá jà jù ni ẹni tí kò rí oúnjẹ gidi jẹ. Ẹ̀jẹ̀ lè má tó lára rẹ̀, ibà lè wà níbẹ̀, aràn lè wà nínú. Ẹsẹ̀ nìkan kọ́ ló gbé wá sọ́dọ̀ dókítà, gbogbo ara ló gbé wá. Ẹni tó bá wo ojú egbò nìkan, tó sì mú ọ̀bẹ, lè ṣe iṣẹ́ abẹ tó dára kí aláìsàn ṣì kú.

Ibí lọ̀rọ̀ bàbá mi àgbà ti wọlé. Ìṣó gún wọn lẹ́sẹ̀ lórí afárá pákó ilé wa. Wọ́n ní kò dùn wọ́n. Bàbá àgbà ní àtọ̀gbẹ, àmọ́ wọn ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbọ́. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé inú agolo ìwọ̀ ẹja ni wọ́n ń kó oògùn wọn sí, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún mi. Nígbà tí ìka ẹsẹ̀ dúdú, a gbé wọn sínú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì lọ sí Igbókòdá, a tún wọ mọ́tò níbẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn.

Àǹtí nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n: àìsàn wo ló ti ń ṣe wọ́n tẹ́lẹ̀? Oògùn wo ni wọ́n ń lò? Àgbo ńkọ́? Bàbá àgbà ní ara àwọn le koko. Mo wo ojú wọn, mo wolẹ̀. Ẹ ṣáà mọ orúkọ tí wọ́n ń pe ọmọ tó bá tú àṣírí àgbà. Mo bá tẹ̀lé nọ́ọ̀sì jáde, mo sì sọ gbogbo rẹ̀.

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ṣúgà ti ga kọjá ààlà. Dókítà ṣàlàyé pé bí ṣúgà bá ga báyẹn, abẹ́rẹ́ oorun léwu, ojú ibi tí wọ́n bá gé náà kò ní tètè jinná, àti pé kòkòrò á ríbi wọlé. Wọ́n sún iṣẹ́ abẹ síwájú fún ọjọ́ mẹ́ta títí ṣúgà fi wálẹ̀. Fún ọjọ́ mẹ́ta yẹn, Bàbá àgbà ò bá mi sọ̀rọ̀. Ìka méjì ni wọ́n gé. Ẹsẹ̀ ò lọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Manuwa. Ní 1948 ó di igbákejì ọ̀gá àgbà iṣẹ́ ìṣègùn. Ní 1951 ó di ọ̀gá àgbà pátápátá, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó débẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ aláwọ̀ dúdú kí wọ́n tó bí i ló wá di ọ̀gá rẹ̀! Wọ́n fi oyè Sir dá a lọ́lá ní 1956.

Tẹ́lẹ̀, mo máa ń rò ó pé kí ni ẹni tó mọ ọ̀bẹ lò báyẹn ń wá ní ọ́fíìsì? Ó ti yé mi báyìí. Ọ̀bẹ kan, aláìsàn kan. Ṣùgbọ́n ta ló máa bèèrè ọ̀rọ̀ kí ọ̀bẹ tó kan ara? Ta ló máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò? Ta ló máa pààrọ̀ báńdéèjì lóru? Ó yẹ kí ẹnì kan ṣètò ìyẹn. Ó wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ kí UCH Ìbàdàn lè dúró, ilé ìwòsàn tí wọ́n ṣí ní 1957, kí àwọn dókítà wa lè kọ́ṣẹ́ nílé. Ní àárín àwọn ọdún 1960, ó di ààrẹ ẹgbẹ́ àgbáyé fún ìlera ọpọlọ. Ó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu pé oníṣẹ́ abẹ lọ síbẹ̀. Àmọ́ ohun tó fẹ́ pa Bàbá àgbà, ṣé ẹsẹ̀ ni àbí ìtìjú tó wà lọ́kàn?

Manuwa kú ní 1976. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹnì kan nílé yín bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹ sọ gbogbo rẹ̀: àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru, fòníkú-fọ̀ladìde, oyún, oògùn, àgbo. Bí wọ́n bá ní kó má jẹun, kó má jẹun. Bí ẹ bá ń fi ọkọ̀ gbé e bọ̀ wálé, ẹ fi ọ̀rá bo báńdéèjì kí omi má ta sí i, ẹ má sì pa ọjọ́ tí wọ́n ní kó padà wá jẹ.

Bàbá àgbà ti ń bá mi sọ̀rọ̀ o. Àwọn gan-an ni wọ́n ní kí n kọ ọ́ síbí. Agolo oògùn wọn ti kúrò láàárín ìwọ̀ ẹja, orí tábìlì ló wà báyìí, níbi tí gbogbo ilé ti ń rí i.