Louis Lumière, ọkùnrin tó ń jẹ́ Ìmọ́lẹ̀, àti pírójẹ́ktọ̀ inú pálọ̀ mi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wá síbí mọ̀ pé ìròyìn òṣèlú ló pọ̀ jù lọ́wọ́ mi, àmọ́ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ ká sinmi díẹ̀. Màmá mi ti ń gbé pẹ̀lú wa láti ọdún tó kọjá, ojú wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Tá a bá ń wo fíìmù, wọ́n á sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n títí imú wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Àwa tó kù ńkọ́? Kálukú ti wọ yàrá lọ pẹ̀lú fóònù ẹ̀. Mo wá ní kí n ra pírójẹ́ktọ̀ àti aṣọ tá a máa ta sára ògiri, kí gbogbo wa lè jókòó wo nǹkan kan ṣoṣo. Oṣù márùn-ún ni mo fi kówó jọ.

Níbi tí mo ti ń wádìí ohun tí mo máa rà ni mo ti kan ìtàn Louis Lumière. Kí n má parọ́ fún yín, ìtàn ẹ̀ ló gbà mí lọ́wọ́ ìnákúnàá.

Lumière, lédè Faransé, ìmọ́lẹ̀ ni. Àwa là ń sọ pé orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ, mi ò mọ̀ pé ó ń ro ọmọ Faransé náà. Ọjọ́ 5, oṣù Kẹwàá, ọdún 1864 ni wọ́n bí i nílùú Besançon. Auguste, ẹ̀gbọ́n ẹ̀, fi ọdún méjì jù ú lọ. Antoine bàbá wọn ń fọwọ́ yàwòrán kó tó di fọtogíráfà, ó sì kó ìdílé ẹ̀ lọ sí Lyon. Láyé ìgbà yẹn, orí gíláàsì tí wọ́n fi kẹ́míkà pa ni wọ́n ti ń ya fọ́tò. Antoine dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ láti máa ṣe gíláàsì yẹn, gbèsè sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Louis, tí ò tíì pé ọmọ ogún ọdún, ló jókòó ti kẹ́míkà títí ó fi rí èyí tó ń yára gba àwòrán. Bébà búlúù ló wà lára páálí ẹ̀, ọjà náà sì tà wàràwàrà. Bí ọmọ ṣe yọ bàbá ẹ̀ nínú gbèsè nìyẹn.

Ní 1894, Antoine lọ sí Paris, ó sì rí Kinetoscope, ẹ̀rọ Thomas Edison ará Amẹ́ríkà. Àpótí kan ni, ó ní ihò lókè. Èèyàn kan ṣoṣo á bẹ̀rẹ̀, á yọjú sínú ihò, á rí àwòrán tó ń rìn. Tó bá tán, ẹlòmíì á bọ́ síbẹ̀. Antoine padà dé Lyon, ó ní kí àwọn ọmọ òun wá bí wọ́n ṣe máa yọ àwòrán yẹn kúrò nínú àpótí. Nígbà tí mo ka ibẹ̀ yẹn, mo gbójú sókè, mo rí ọmọ mi lórí àga tó doríkodò sórí fóònù. Kinetoscope ti padà wọ ilé mi, mi ò mọ̀.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé tí fíìmù bá ń yí lọ geere, ohun tá a máa rí lára aṣọ á kàn rú pọ̀ ni. Ó gbọ́dọ̀ dúró díẹ̀ níwájú iná, kó sún, kó tún dúró, bí ìgbà 16 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Wọ́n ní òru ọjọ́ kan tí oorun ò kun Louis ló rí ojútùú ẹ̀, lára màṣíìnì ìránṣọ. Ẹ lọ wo màṣíìnì télọ̀ àdúgbò yín: abẹ́rẹ́ wọlé, aṣọ dúró, abẹ́rẹ́ jáde, aṣọ sún. Ohun tó fà yọ níbẹ̀ nìyẹn o. Lọ́jọ́ 13, oṣù Kejì, ọdún 1895, wọ́n forúkọ ẹ̀rọ náà sílẹ̀ lábẹ́ òfin, wọ́n sì pè é ní Cinématographe. Ó ń ya fíìmù, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó sì ń gbé e sára aṣọ. Kò wúwo ju nǹkan bíi kílò márùn-ún lọ, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń yí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìṣe àwọn oníná wa á mọ ìdí tí èyí fi dùn mọ́ mi.

Ọjọ́ 28, oṣù Kejìlá ọdún yẹn ni Antoine gba yàrá kan nísàlẹ̀ Grand Café ní Paris. Èèyàn 33 ló sanwó wọlé, franc kan lórí ẹnì kan. Fíìmù mẹ́wàá ni wọ́n wò, ìkankan ò pé ìṣẹ́jú kan: àwọn òṣìṣẹ́ tó ń jáde níléeṣẹ́ Lumière, Auguste àti ìyàwó ẹ̀ tí wọ́n ń fún ọmọ wọn lóúnjẹ, àti ọmọkùnrin kan tó tẹ rọ́bà omi mọ́lẹ̀ títí omi fi tú sí alágbàtọ́jú ọgbà lójú. Ìtàn tí gbogbo èèyàn ń sọ, pé àwọn òǹwòran sá nígbà tí wọ́n rí ọkọ̀ ojú irin? Fíìmù ọkọ̀ ojú irin ò sí lára mẹ́wàá yẹn rárá.

Ohun tó mú mi dúró ni yàrá náà. Abẹ́ ilẹ̀ ló wà, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ò débẹ̀. Pírójẹ́ktọ̀ ò lè ju dúdú jáde o, ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń jù. Dúdú tẹ́ ẹ̀ ń rí lára aṣọ, ibi tí iná ò kàn ni. Tí oòrùn bá ti ń ti ojú fèrèsé wọlé, kò sí dúdú mọ́, gbogbo ẹ̀ á ṣì bí ẹ̀kọ. Mo wá rán kọ́tìnnì tó nípọn ná, kí n tó dé ṣọ́ọ̀bù kankan. Níbi tí mo kọ́kọ́ dé, wọ́n kọ 15,000 lumens gàdàgbà sára páálí. Lumens ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde. Mo ní kí wọ́n ṣí i, mo ka ìwé kékeré inú ẹ̀: ANSI lumens, èyí tí wọ́n wọ̀n bó ṣe yẹ kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kò ju 200 lọ. Full HD tí wọ́n kọ síbẹ̀, ẹ̀rọ náà kàn lè gba fíìmù bẹ́ẹ̀ wọlé ni, àwòrán tirẹ̀ kéré sí i. Mo dúpẹ́, mo jáde.

Louis mọ̀ pé aṣọ kì í ṣe ohun àfojúdi. Níbi ìpàtẹ àgbáyé ọdún 1900 ní Paris, ó ta aṣọ tó fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 21, tó sì ga tó 16, sáàárín gbọ̀ngàn, èrò máa wà níwájú, wọ́n á wà lẹ́yìn. Ó ní kí wọ́n máa rẹ ẹ́ sómi kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, torí aṣọ tútù ń dá ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ padà síwájú, ó sì ń jẹ́ kí díẹ̀ kọjá sẹ́yìn.

Èmi ò ní rẹ aṣọ tèmi sómi, àmọ́ mo wọn pálọ̀. Mítà 3.2 ni láti ògiri sí ògiri. Aṣọ 100 inches tó wù mí fẹ̀ tó mítà 2.21, ẹ̀rọ tí mo ń wò sì gbọ́dọ̀ jìnnà tó ìlọ́po kan àtààbọ̀ fífẹ̀ aṣọ, ìyẹn mítà 3.3. Ṣé kí n gbé e sínú kíṣìnnì ni? Mo gba 80 inches, tó fẹ̀ tó mítà 1.77, mítà 2.7 ti tó o. Yàtọ̀ síyẹn, iná kan náà lórí aṣọ kékeré á mọ́lẹ̀ ju ti aṣọ ńlá lọ ní ìlọ́po kan àtààbọ̀. Aṣọ funfun tí kì í dán ni mo rà, tó ní irin nísàlẹ̀ kó má bàa ká. Mo sì fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀rọ kí ooru lè jáde. Nílé Lumière, ìgò róbótó tómi kún ni wọ́n ń gbé síwájú àtùpà, kí omi gba ooru kó tó kan fíìmù.

Láàárín ọdún 1896, ẹ̀rọ Louis ti dé London àti Bombay. Nígbà tó fi di oṣù Kẹjọ 1903, àwa náà ti ń wo sinimá ní Glover Hall l'Ékòó. Iléeṣẹ́ Balboa láti Barcelona ló gbé e wá, Herbert Macaulay sì wà nídìí ètò náà. Nígbà tó máa fi di 1905, Louis ti fi fíìmù ṣíṣe sílẹ̀ fáwọn ẹlòmíì. Fọ́tò aláwọ̀ ló gbájú mọ́. Autochrome tó gbé jáde ní 1907, èèlò ọ̀dùnkún tí wọ́n pa láró ni wọ́n fi ṣe é, ẹ gbọ́ mi yé o, ọ̀dùnkún! Gbogbo ìtàn ẹ̀ kọ́ ló dùn. Nígbà tí Jámánì gba ilẹ̀ Faransé, ó gba ipò nínú ìgbìmọ̀ ìjọba Pétain tó ń bá Jámánì ṣe. Èyí ò dùn mọ́ mi, mi ò sì ní fò ó. Ọjọ́ 6, oṣù Kẹfà, ọdún 1948 ló kú ní Bandol, létí òkun, lẹ́ni ọdún 83.

Lọ́jọ́ Sátidé tá a ta aṣọ náà, fíìmù Louis ni mo kọ́kọ́ fi sí i. Ọmọ mi béèrè ibi tí ohùn ẹ̀ wà. Màmá mi jókòó sórí àga wọn, níbi ògiri kejì, wọn ò sún mọ́ nǹkan kan. Nígbà tí omi tú sí alágbàtọ́jú ọgbà lójú, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ní ká tún un fi hàn. Ìgbà mẹ́rin la wò ó.