Ar-Razi, Oníṣègùn Tó Ń Mọ Ṣọ̀pọ̀nná Kí Ara Tó Sú

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ìlú Rayy ní ilẹ̀ Páṣíà ni wọ́n ti bí Muhammad ọmọ Zakariyya, Ar-Razi, ní nǹkan bí ọdún 865. Ó ṣe olórí ilé ìwòsàn níbẹ̀ àti ní Baghdad. Ṣọ̀pọ̀nná àti éèyi ń pa ọmọdé nígbà náà, kò sì sí ẹ̀rọ tó lè fi kòkòrò wọn hàn. Ojú, ọwọ́ àti ìbéèrè ni irinṣẹ́ rẹ̀. Ó kọ ìwé lórí àrùn méjèèjì, ó to àmì tó ń ṣáájú síbẹ̀: ibà tí kò dá, imú yíyún, àlá tó ń dẹ́rù bani. Bí ẹ̀yìn bá ń dun aláìsàn gan-an, ṣọ̀pọ̀nná ló fura sí. Bí èébì àti àìbalẹ̀ ọkàn bá pọ̀ jù, éèyi ni. (Ẹ wo làákàyè!) Ojú tó fi ń wo aláìsàn fọ́ kó tó kú ní 925.