Túndé King: Ọmọ Olówógbowó tó gbé orin jùjú jáde láti ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì

Bí wọ́n bá dárúkọ àríà bọ́ìsì létí ará Èkó lónìí, àpò ni onítọ̀hún yóò kọ́kọ́ dì mú. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń gba owó lọ́wọ́ awakọ̀ lábẹ́ bíríjì, tí wọ́n ń jà nítorí gáréèjì, tí wọ́n sì ń dẹ́rù ba ọlọ́jà ni orúkọ náà ń mú wá sọ́kàn. Ṣùgbọ́n orúkọ yìí ti wà ní Èkó kí ó tó bàjẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 1929, àwọn kan wà ní Olówógbowó, ní Erékùṣù Èkó, tí wọ́n ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọn kì í da ìlú láàmú. Bí iṣẹ́ òòjọ́ bá ti parí, wọn a pàdé ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan ní òpópónà West Balogun, wọn a mu díẹ̀, wọn a tàkúrọ̀sọ, wọn a sì kọrin. Ọ̀kan nínú wọn ní gìtá lọ́wọ́. Abdulrafiu Bàbátúndé King ni orúkọ rẹ̀, Túndé King sì ni gbogbo Èkó wá mọ̀ ọ́n sí.

Ọjọ́ 24, oṣù kẹjọ, ọdún 1910 ni wọ́n bí i ní Olówógbowó. Àwọn Sàró ló pọ̀ jù ní àdúgbò náà nígbà yẹn, ìyẹn ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú lójú òkun, tí wọ́n kó lọ sí Freetown, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá sí Èkó láti nǹkan bí ọdún 1840. Ìwé kíkà ni wọ́n fi ṣe ogún, ṣọ́ọ̀ṣì ni púpọ̀ nínú wọn ń lọ, orúkọ òyìnbó ló sì ń tẹ̀lé orúkọ àbísọ wọn. Sàró ni ìdílé King lóòótọ́, ṣùgbọ́n Mùsùlùmí ni wọ́n, wọ́n sì kéré níye láàárín àwọn ẹgbẹ́ wọn. Èyí kò dí ọmọ náà lọ́wọ́ láti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn Mẹ́tọ́díìsì, kò sì dí i lọ́wọ́ láti wọ Eko Boys' High School tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1913. Akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ló kọ́ ọ ní gìtá. Kò sí olùkọ́ orin nínú ìtàn yìí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìwé orin. Ọ̀rẹ́ ló kọ́ ọ̀rẹ́.

Ìlú tí àwọn ọmọ wọ̀nyí dàgbà sí kò dúró sójú kan. Láti 1914 ni àwọn ọkọ̀ ńlá ti ń gba ẹnu òkun wọ inú ọ̀sà Èkó, nígbà tí wọ́n ti to òkúta sínú omi láti fi dá yanrìn dúró. Ní 1926, wọ́n parí èbúté tuntun tí ọkọ̀ mẹ́rin lè gúnlẹ̀ sí ní Àpápá, ní òdì kejì ọ̀sà. Láàárín ọdún 1924 sí 1930, àrùn tí eku ń gbé kiri pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Èkó, ìjọba sì dá àjọ LEDB sílẹ̀ ní 1928 láti wó àwọn ilé tó há mọ́ra kí wọ́n sì tún àwọn àdúgbò tò. Ọ̀rọ̀ Ọba Èṣùgbàyí, Elékòó, tí ìjọba lé kúrò nílùú ní 1925, ṣì gba ẹnu gbogbo ènìyàn kan. 1931 ni wọ́n tó jẹ́ kí ó padà. Owó sì dínkù ní gbogbo ayé láti 1929, iṣẹ́ akọ̀wé tí ọmọ Sàró gbójú lé kò dá a lójú mọ́.

Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé orin wọlé pẹ̀lú ẹrù. Àwọn atukọ̀ Kru láti Làìbéríà, tí àwọn ọkọ̀ òyìnbó máa ń gbà síṣẹ́ káàkiri etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ta gìtá, àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là nìkan ni wọ́n ń lò. Ibikíbi tí wọ́n bá sọ̀kalẹ̀ sí ni wọ́n ti ń fi í hàn, láti Freetown dé Accra, dé Èkó. Ilé ẹlẹ́mu ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà wá sí Pópó ní ìlù sámbà wọn, ìlù onígi mẹ́rin tí wọ́n fi awọ bò. Àwọn ọmọ onígbàgbọ́ ń jó aṣíkò, àwọn Mùsùlùmí ń gbọ́ sákárà. Ọ̀dọ́ tó bá rìn láti Olówógbowó dé Pópó Àgùdà ní alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo yóò ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ kí ó tó délé.

Ohun tí ó kù ni ẹni tí yóò kó o pọ̀, ibẹ̀ sì ni ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ti wúlò. Kì í ṣe ilé ẹnikẹ́ni, nítorí náà kò sí bàbá tí yóò bá wọn wí. Kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, ẹnikẹ́ni kò sì ní béèrè ibi tí Mùsùlùmí ti pàdé ọmọ onígbàgbọ́. Ẹni tí kò ní ìlù a wá ohun mìíràn lù. King ló ń ta gìtá, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a sì gbe orin. Nígbà tí yóò fi di 1929, iṣẹ́ akọ̀wé ló ń ṣe lọ́sàn-án, ní alẹ́ ó ti ní ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́ta: gìtá, sámbà àti màrákà. Ní nǹkan bí 1934 wọ́n ti di mẹ́rin. Gìtá-báńjò ni King ń ta nígbà náà, ẹnì kan ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ẹnì kan ń gbe orin, ẹnì kẹrin sì ní ìlù kékeré kan tí wọ́n so irin pẹlẹbẹ mọ́ ní ẹ̀gbẹ́, irú èyí tí àwọn ìjọ Salvation Army, tí wọ́n dé Èkó ní 1920, ń lù kiri àdúgbò.

Ìlù kékeré yìí ni wọ́n ń pè ní jùjú, òun ló sì fún orin náà lórúkọ. Àríyànjiyàn pọ̀ lórí ibi tí orúkọ náà ti wá. Àwọn kan ní bí onílù King ṣe máa ń ju ìlù náà sókè tí ó sì ń hán an ni àwọn òǹwòran fi sọ ọ́ ní jùjú. Àwọn mìíràn ní ọ̀rọ̀ tí òyìnbó fi ń bu ẹnu àtẹ́ lu oògùn àti ẹ̀sìn ìbílẹ̀ ni àwọn ọmọ Èkó gbà, tí wọ́n sọ di tiwọn. Àlàyé àkọ́kọ́ dùn létí jù, ó sì bá ìwà àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì mu; ẹni tó bá fẹ́ràn eré nìkan ló máa ń ju ìlù sókè. Èyí ó wù kó jẹ́ òótọ́, ẹgbẹ́ Túndé King ni àwọn tó kọ ìtàn orin náà máa ń dárúkọ bí wọ́n bá ń wá orísun orúkọ náà.

Kì í ṣe King nìkan ló ń ta gìtá ní Èkó nígbà yẹn. Ìrèwọ̀lédè Denge ń kọrin tirẹ̀, ẹgbẹ́ Jolly Orchestra náà wà. Ohun tó ya King sọ́tọ̀ ni pé kò sáré. Orin rẹ̀ rọra ń lọ, ohùn rẹ̀ ga, ó sì ń gba imú jáde díẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ìjìnlẹ̀ Yorùbá tó kún fún òwe àti oríkì. Ẹni tó kàwé, tó ń wọ kóòtù lọ síbi iṣẹ́, gbọ́ gìtá òyìnbó tó ń bá a sọ ọ̀rọ̀ baba rẹ̀. Èyí ló mú kí àwọn ọlọ́lá Èkó máa pè é sí pálọ̀ wọn. Ìkómọ, ìgbéyàwó, àìsùn òkú, àríyá lásán pàápàá, wọn a ránṣẹ́ sí Túndé King. Ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin kò gba ààyè, ariwo rẹ̀ kò sì bo ọ̀rọ̀ àwọn tó ń jẹun mọ́lẹ̀. Bí ó bá ti ki onílé dáadáa, owó a jáde.

Ní 1936, ilé-iṣẹ́ Parlophone bẹ̀rẹ̀ sí í gba orin rẹ̀ sílẹ̀ sórí àwo. Ó ju ọgbọ̀n orin lọ tí ó ṣe fún wọn kí ogun tó dé, Ọba Òyìnbó sì wà lára èyí tí àwọn ènìyàn ṣì ń rántí jù lọ. Ní àkókò kan náà, ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì tí wọ́n ń fi wáyà fà wọ ilé ti dé Èkó, ohùn rẹ̀ sì tún gba ibẹ̀ jáde. Àwo tó ń gba ìṣẹ́jú mẹ́ta sọ orúkọ rẹ̀ di mímọ̀ ní ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dé, ṣùgbọ́n òde àríyá ni oúnjẹ rẹ̀ ti ń wá. Àwọn ọ̀dọ́ mìíràn ti ń tẹ̀ lé e. Àyìndé Bákàrè, tí wọ́n bí ní 1912, bá a ṣeré ní nǹkan bí 1935 kí ó tó dá dúró, ní 1937 òun náà sì ti ń ṣe àwo fún HMV.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá gba ọ̀nà mìíràn nìyí. Ní 1939, ọdún tí Ogun Àgbáyé Kejì bẹ́ sílẹ̀, Túndé King gbé gìtá jù sílẹ̀, tàbí kí ó jẹ́ pé ó gbé e dání, ó sì wọ iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi tó ń kó ọjà. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni, kò sì sí olórin jùjú tí orúkọ rẹ̀ tó tirẹ̀. Iṣẹ́ tó léwu ni, nítorí àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì kì í wò ó bóyá ọkọ̀ tí àwọn ń rì jẹ́ ti ogun tàbí ti ẹrù. Ó padà fojú kan Èkó ní 1941, lẹ́yìn náà ni kò sẹ́ni tó gbúròó rẹ̀ mọ́ fún ọdún mẹ́tàlá.

Nígbà tí wọ́n rí i níkẹyìn, àwọn ìlú èbúté tó wà lábẹ́ Faransé, bí Dakar àti Conakry, ni ó ti ń ta gìtá fún àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá. Orin tí àwọn atukọ̀ gbé wá sí Olówógbowó ni atukọ̀ mìíràn ń gbé padà lọ sí etíkun. Ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ lè kà á sí ìrìn-àjò olórin. Ẹni tó bá wo ohun tí àwọn ọdún wọ̀nyẹn ná an kò ní lè pè é bẹ́ẹ̀.

Oṣù kẹfà ọdún 1954 ni ó tó padà sí Èkó. Jùjú tó fi sílẹ̀ ti kúrò ní pálọ̀. Àkànbí Ẹ̀gẹ́ ti mú gángan wọ inú rẹ̀ ní 1948, ìlù tó ń sọ̀rọ̀ ti gba ibi tí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nìkan wà. Àyìndé Bákàrè, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ti fi iná mọ̀nàmọ́ná sí gìtá ní 1949, ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin sì ti di púpọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó lówó lọ́wọ́ ti gbàgbé jùjú fún hailáìfù, àwọn Bobby Benson àti Victor Ọláìyá ni wọ́n ń sáré tẹ̀ lé. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní 1957, I.K. Dáíró dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, jùjú sì tún gòkè. Ní 1963 ọba Gẹ̀ẹ́sì obìnrin fi oyè MBE dá a lọ́lá, ìgbà àkọ́kọ́ tí olórin jùjú yóò gba irú rẹ̀. Kò sí ibi kankan nínú gbogbo èyí tí Túndé King ti tún di aṣíwájú.

Èbúté náà kò dúró dè é. Ní Àpápá, wọ́n fi ibùdókọ̀ márùn-ún kún ti àtijọ́ ní 1956. Ẹ̀wọ̀n Kírìkírì ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ní 1955. Ibùdó tí àwọn ọkọ̀ pẹlẹbẹ ti ń já ẹrù ní Kírìkírì kò tíì sí, lẹ́yìn tí ọkọ̀ sìmẹ́ńtì ti kún ojú òkun Èkó fọ́fọ́ ní 1975 ni ìjọba tó rí i pé èbúté kan kò tó. Àwọn tó ń wáṣẹ́ ní wáàfù ló ń kún Ajégúnlẹ̀, Ìlàjẹ, Ìjọ́, Ùròbò, Ìgbò àti Yorùbá, yàrá kan sí ìdílé kan. Ní àwọn ọdún 1990 ni àwọn ọmọ ibẹ̀, Daddy Showkey lára wọn, gbé ijó galálá jáde láti ojú pópó. Bí wọ́n ṣe ṣe é kò jìnnà sí ti West Balogun: ọ̀rẹ́ péjọ síbi tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, wọ́n mú rẹ́gẹ̀ tó ti ẹ̀yìn odi wá, wọ́n fi èdè àdúgbò wọn sí i. Àwọn náà ni ìlú kọ́kọ́ pè ní ọmọọ̀ta.

Túndé King gbé ayé títí di àwọn ọdún 1980, ó sì kú lẹ́yìn tí Ebenezer Obey àti Sunny Adé ti gbé jùjú dé ìlú òyìnbó. Ní 1985, ilé-iṣẹ́ Rounder ní Amẹ́ríkà kó àwọn àwo àtijọ́ jọ sínú àwo kan tí wọ́n pè ní Juju Roots, tirẹ̀ sì wà níbẹ̀: ohùn gíga kan, gìtá-báńjò kan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àti ìró irin wẹ́wẹ́ lára ìlù tí wọ́n ń jù sókè.