OLÓYÈ AWÓLỌ́WỌ̀, ÌBỌN ÀTI SÍLÉÈTÌ

Bí ìjọba bá ná gbogbo owó rẹ̀ lórí ìbọn, kí ni a ó fi kọ́ ilé-ìwé? Bí kò bá sì ra ìbọn rárá, ta ni yóò ṣọ́ ilé-ìwé náà? Ẹnì kan wà ní ilẹ̀ Yorùbá tí ìbéèrè méjèèjì yìí já lé léjìká nígbà ayé rẹ̀. Òun ni Olóògbé Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀.

Ìkẹ́nnẹ́ ni a gbé bí i ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta, 1909. Ọmọdé ni ó wà nígbà tí baba rẹ̀ kú, iṣẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀ ni ó sì fi ń wá owó ilé-ìwé. Ó ṣe tíṣà, ó ṣe akọ̀wé, ó ṣòwò, kí ó tó lọ kọ́ iṣẹ́ amòfin ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1944.

Nígbà tí Ẹgbẹ́ Afẹ́nifẹ́re gba ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní 1952, ó pinnu pé ọmọ tálákà kò gbọdọ̀ jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìjọba rẹ̀ bu ṣílè 10 àti sísì lé owó-orí nítorí ẹ̀kọ́ àti ìlera. Inú bí ará ìlú. Ní ìdìbò àpapọ̀ 1954, ẹgbẹ́ NCNC borí rẹ̀ nílé rẹ̀. Kò yẹsẹ̀. Ní oṣù Kínní 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn, Èjìgbò àti àwọn ìlú agbègbè rẹ̀ kò sì gbẹ́yìn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ju 800,000 lọ lọ́dún náà.

Ṣùgbọ́n ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kò ní ọmọ ogun tí yóò bọ́. Ní 1967 ni ẹrù ogun dé. Olóyè di Kọmíṣánnà ètò ìnáwó fún ìjọba àpapọ̀, àpò ogun abẹ́lé sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dín ọjà òkèèrè kù, a sì pààrọ̀ owó ní 1968. Àwọn ará Ìlà-Oòrùn kò tíì gbàgbé pọ́n-ùn 20 péré tí a fún ẹni tí ó ní owó ní báńkì lẹ́yìn ogun. A kò lè sọ ìtàn rẹ̀ kí a fo èyí.

Lákòókò ogun yìí kan náà ni àwọn àgbẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn figbe ta nítorí owó-orí. Àwọn Àgbẹ́kọ̀yà dìde ní 1968. Ní 1969, a pa Ṣọ̀ún ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí kò jìnnà sí Èjìgbò. Olóyè fúnra rẹ̀ lọ bá àwọn àgbẹ̀ sọ̀rọ̀, a sì dín owó-orí kù sí pọ́n-ùn 2.

Ogun parí ní oṣù Kínní 1970, Olóyè sì fi ipò sílẹ̀ ní 1971. Àwọn ọmọ ogun tí ó tó nǹkan bí 250,000 kò tú ká bọ̀rọ̀. Ìlú ni ó ń bọ́ wọn. Ní 1978 ó dá ẹgbẹ́ UPN sílẹ̀, ó sì tún gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ àti ìwòsàn ọ̀fẹ́ ka iwájú. Ní 1979, Olóyè Bọ́lá Ìgè mú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé ilé-ìwé gíga ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí Èjìgbò wà nínú rẹ̀ títí Ọ̀ṣun fi dá dúró ní 1991. Awólọ́wọ̀ kò di Ààrẹ rí. Ó kú ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún, 1987.

Nínú àbá ìnáwó 2025 tí Ààrẹ gbé ka iwájú àwọn aṣòfin ní oṣù Kejìlá 2024, ètò ààbò gba náírà tírílíọ̀nù 4.91, ẹ̀kọ́ gba tírílíọ̀nù 3.52, ìlera sì gba 2.48. Àwa kò sọ pé kí a má ṣọ́ ìlú. Ọ̀nà oko tí ajínigbé wà kò ṣe é rìn. Ohun tí a rí kọ́ lára Olóyè ni pé ẹni tí ó bá bu owó lé ará ìlú gbọdọ̀ lè nawọ́ sí ohun tí owó náà ṣe. Ilé-ìwé tí owó-orí 1955 kọ́, gbogbo ènìyàn rí i. Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ bi àwọn aṣòfin yín léèrè: tírílíọ̀nù ààbò wọ̀nyí, níbo ni a ti lè rí iṣẹ́ wọn?