John Reich: Ìwọ̀fà tó fín àwòrán sára owó fàdákà Amẹ́ríkà

Ní nǹkan bí ọdún 1800 ni John Reich, oníṣẹ́ ọnà tí wọ́n bí ní ìlú Fürth lórílẹ̀-èdè Jámánì, gúnlẹ̀ sí Amẹ́ríkà. Bí ìwọ̀fà ló ṣe débẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni yóò fi ra ara rẹ̀ padà.

Kò pẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ fi lókìkí ní Philadelphia. Òun ló fín àmì ẹ̀yẹ ìgbà tí Thomas Jefferson di ààrẹ. Lọ́dún 1807, ilé iṣẹ́ ìrọwó ìjọba gbà á gẹ́gẹ́ bí igbákejì Robert Scot, àgbà afínrin ibẹ̀, ní ẹgbẹ̀ta dọ́là lọ́dún. Lọ́dún náà gan-an ni àbọ̀ dọ́là tuntun tó yàwòrán rẹ̀ jáde: obìnrin tó dé fìlà, tó dúró fún Òmìnira, wà níwájú, ẹyẹ idì wà lẹ́yìn.

Òǹtẹ̀ irin ni wọ́n fi ń tẹ owó nígbà náà. Irin kan náà ló ń gbé orí obìnrin náà sára òǹtẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbá ìràwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá àti nọ́ńbà ọdún wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, òǹtẹ̀ méjì kì í bára mu délẹ̀. Ìràwọ̀ kan lè sún ju èkejì lọ. Nọ́ńbà kan lè wọ́. Nígbà mìíràn, wọ́n a gbá 8 lé 7 lórí, kí òǹtẹ̀ 1807 lè ṣiṣẹ́ fún 1808. Bí òǹtẹ̀ bá sì sán, ìlà ibi tó ti sán yóò hàn lára owó tó bá tẹ̀ lẹ́yìn náà.

Irú àmì báyìí ni Al Overton tò sínú ìwé tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1967. Ó fún àwọn òǹtẹ̀ iwájú àti ẹ̀yìn tó jọ tẹ àbọ̀ dọ́là láti 1794 sí 1836 ní nọ́ńbà, ní méjì-méjì.

Ọdún mẹ́wàá ni Reich fi ṣiṣẹ́ láì gba àfikún owó kankan. Ó kọ̀wé fipò sílẹ̀ lọ́dún 1817, kò sì di àgbà afínrin rí. Kò sí orúkọ rẹ̀ lára owó náà. Ṣùgbọ́n lára ọ̀pọ̀ àbọ̀ dọ́là ìgbà rẹ̀, wọ́n gé igun kan wọlé díẹ̀ lára ìràwọ̀ kẹtàlá. Ọ̀pọ̀ olùkówójọ gbà pé ibẹ̀ ló fọwọ́ sí iṣẹ́ rẹ̀.

Lónìí, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣèwádìí òǹtẹ̀ owó fàdákà ìgbà náà ń jẹ́ orúkọ John Reich.