Israel Adébájọ, bàbá Stationery Stores: ta ló ni kíláàbù tí Èkó ń pariwo rẹ̀?

Ilé tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù kò wọ́n ní Onípáànù. Bí Arsenal tàbí Manchester United bá fìdí rẹmi lọ́jọ́ Sátidé, ẹni tí wọ́n máa kọ́kọ́ bú lè má jẹ́ agbábọ́ọ̀lù rárá. Wọ́n á ní ẹni tó ni kíláàbù ló ba gbogbo nǹkan jẹ́: kò fẹ́ náwó, kò mọ bọ́ọ̀lù, èrè nìkan ló ń wá. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń bínú yìí ni kò dé London rí, wọn ò sì dé Manchester. Síbẹ̀, ìbínú náà kì í ṣe eré.

Ẹ má rò pé nǹkan tuntun nìyẹn o. Ní Èkó níbí, àwọn bàbá wa ti bínú bẹ́ẹ̀ rí, tiwọn sì dùn wọ́n ju èyí lọ, torí kíláàbù tiwọn kì í ṣe ti orí tẹlifíṣàn. Stationery Stores ni. Ẹni tó dá a sílẹ̀ ni Israel Adébájọ, ọmọ Ìjẹ̀bú, oníṣòwò bébà. Ó ti lé ní 50 ọdún tó ti kú, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí kíláàbù rẹ̀ dá sílẹ̀ ṣì wà níbẹ̀: ta ló ni kíláàbù bọ́ọ̀lù gan-an? Ṣé ẹni tó ń sanwó ni, àbí ẹni tó ń pariwo?

Ẹni tó bá mọ Shipeolu àti àwọn àdúgbò Ṣómólú tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti ń dún tọ̀sán-tòru máa tètè lóye iṣẹ́ tí Adébájọ ṣe. Bébà àti ohun èlò ọ́fíìsì ni. Orúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ gùn díẹ̀: Nigerian Office Stationery Supply Stores. Ohun tó ń tà ni nǹkan tí ọ́fíìsì kò lè ṣe kó má ní, irú bíi bébà, yíǹkì, fáìlì àti ìwé àkọsílẹ̀. Àsìkò tó bọ́ sí náà dáa fún irú òwò bẹ́ẹ̀. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, òmìnira ti ń bọ̀, àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ń gba ipò lọ́wọ́ òyìnbó nínú iṣẹ́ ìjọba, ọ́fíìsì ń pọ̀ sí i. Ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò sí ibi tí wọn ò ti nílò bébà nígbà yẹn.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé bébà nìkan ló tà, a ò ní máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí. Ọdún 1958 ló dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó sì fún un lórúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe di Stationery Stores nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká rántí bí bọ́ọ̀lù Èkó ṣe rí nígbà yẹn. Kò tíì sí líìgì gbogbo orílẹ̀-èdè. Ìdíje tó tóbi jù ni Challenge Cup, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1945. Àwọn ẹgbẹ́ tó lórúkọ jẹ́ ti iléeṣẹ́ ìjọba tàbí ti ilé-iṣẹ́ ńlá àwọn òyìnbó: Railway, Marine, UAC, ECN tó ń pín iná mànàmáná. Agbábọ́ọ̀lù kì í gba owó ńlá bíi ti òde òní. Iṣẹ́ ni wọ́n máa ń fún un. Láàárọ̀, á wà lẹ́nu iṣẹ́ bíi akọ̀wé tàbí òṣìṣẹ́ ẹ̀rọ. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á wọ bàtà bọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá lágbára láti gba èèyàn síṣẹ́ ló lè kó agbábọ́ọ̀lù tó mọṣẹ́ jọ.

Àárín àwọn erin wọ̀nyí ni oníṣòwò ọmọ Ìjẹ̀bú kan kó ẹgbẹ́ tirẹ̀ wọ̀. Kò ní rélùwéè, kò ní ọkọ̀ ojú omi, kò sì ní ìjọba lẹ́yìn. Owó bébà ló fi ń bọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Lóòótọ́, bísínẹ́ẹ̀sì wà nínú rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dárúkọ ẹgbẹ́ náà lórí rédíò, ọjà rẹ̀ ni wọ́n ń polówó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ polówó lásán lè ya pátákó sójú títì. Kò pọn dandan kó máa bọ́ odidi ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù lọ́dọọdún.

Èkó gba ẹgbẹ́ náà mọ́ra. Super ni wọ́n ń pè é, àwọn mìíràn sì ń pe àwọn agbábọ́ọ̀lù náà ní Flaming Flamingoes. Wọ́n tún ń pè wọ́n ní Adebajo Babes, ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ Abiola Babes. Ẹ wo orúkọ yẹn dáadáa: ọmọ Adébájọ. Èrò inú rẹ̀ ni pé bàbá ló ni ilé, ọmọ ni gbogbo àwa yòókù. Nígbà tí bàbá wà láàyè, ta ni yóò rojọ́ sí irú orúkọ bẹ́ẹ̀? Ní Oníkan, ní pápá King George V, bí Super bá ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ibẹ̀ máa ń kún fọ́fọ́ ni. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, ọmọ Mushin, ọmọ Ṣómólú, kálukú ló ń sọ pé tòun ni.

Adébájọ sì rí èrè làálàá rẹ̀. Lọ́dún 1967, Stationery Stores gba Challenge Cup. Lọ́dún 1968, wọ́n tún gbà á. Ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà, inú ìbẹ̀rù ni ọ̀pọ̀ èèyàn wà, bọ́ọ̀lù sì jẹ́ ọ̀kan nínú nǹkan díẹ̀ tó ń mú ayọ̀ wá. Lọ́dún 1968 yẹn kan náà, Nàìjíríà lọ sí Òlíḿpíìkì ní Mexico, ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí bọ́ọ̀lù wa dé irú ibẹ̀. Àwọn ọmọ Super wà nínú ikọ̀ náà: Peter Fregene tó ń ṣọ́lé, Sam Opone, àti Peter Anieke tí wọ́n ń pè ní Baby Face. Japan àti Spain lù wá, ṣùgbọ́n a bá Brazil ta ọ̀mì, góòlù 3 sí 3. Ẹgbẹ́ tí oníṣòwò bébà fi owó ara rẹ̀ tọ́ ti wá di ibi tí orílẹ̀-èdè ń wá agbábọ́ọ̀lù sí.

Ọdún 1969 ni Israel Adébájọ kú. Kò tíì pé ọdún 2 lẹ́yìn Mexico. Kò rí pápá ìṣeré ńlá Sùúrùlérè, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1972. Kò rí líìgì gbogbo orílẹ̀-èdè, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1972 kan náà. Kíláàbù náà sì wà lọ́wọ́ ìdílé rẹ̀, bí ilé àti ilẹ̀ ṣe máa ń wà lọ́wọ́ ẹbí.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé Super kú lọ́jọ́ tí bàbá kú o. Rárá. Haruna Ilerika, tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi bọ́ọ̀lù jó, lo ọ̀pọ̀ ọdún rẹ̀ níbẹ̀, ó sì gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà pẹ̀lú. Lọ́dún 1981, wọ́n dé àṣekágbá ìdíje àwọn tó gba ife-ẹ̀yẹ ní Áfíríkà, Union Douala láti Cameroon ló gba ife náà lọ́wọ́ wọn. Lọ́dún 1982, wọ́n tún gba Challenge Cup, wọ́n sì gbà á lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́dún 1990. Lọ́dún 1992, wọ́n gba líìgì. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ọdún 23 lẹ́yìn ikú Adébájọ ni kíláàbù rẹ̀ di ti orí gbogbo Nàìjíríà.

Ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti bàjẹ́. Dípò kí líìgì yẹn jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọlá, ìṣubú ló tẹ̀ lé e. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lórí ẹni tó ni kíláàbù àti ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti máa darí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé kóòtù. Kíláàbù tó ní ọ̀gá méjì kì í mọ èwo ló máa sanwó oṣù, èwo ló máa ra agbábọ́ọ̀lù. Díẹ̀díẹ̀, Super pòórá láàárín àwọn ẹgbẹ́ ńlá. Wọ́n ti gbìyànjú láti jí i dìde, ó tiẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù fúngbà díẹ̀ ní ìpele kejì, ṣùgbọ́n kò padà sí bó ṣe wà.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn jù kò sí nínú ẹjọ́. Ẹni tó fi owó oúnjẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì, tó fẹsẹ̀ rìn láti Bàrígà lọ sí Sùúrùlérè, tí ohùn rẹ̀ há torí Super, kò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Àdájọ́ kò lè bi í pé kí ló rí sí i, torí kò sí ìwé kankan tó sọ pé ó ní ìpín. Ilé-iṣẹ́ tó ń ta bébà ló bí kíláàbù yìí, bẹ́ẹ̀ àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ jù ni kò ní bébà kan lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n lè ṣe ni kí wọ́n bínú, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n máa rántí.

Ṣé ẹ̀bi Adébájọ ni? Lójú tèmi, ó ṣòro láti dá a lẹ́bi. Láìsí owó rẹ̀, kò ní sí Super tí a máa ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Nígbà ayé rẹ̀, bí gbogbo ẹgbẹ́ ṣe rí nìyẹn: ẹni tó ń bọ́ ọ ló ni ọ́. Àwọn tó tẹ̀ lé e náà kò rí ọ̀nà mìíràn. Abiola Babes gba Challenge Cup lọ́dún 1985 àti 1987, Leventis United gbà á lọ́dún 1984 àti 1986. Lónìí, méjèèjì ti di ìtàn, torí ẹni tó ń sanwó ṣíwọ́. Àwọn tó sì sá sábẹ́ ìjọba, bíi Shooting Stars ti Ìbàdàn, ń fojú ara wọn rí i pé bí gómìnà bá ti yí padà, alákòóso náà yí padà nìyẹn. Olówó kan ṣoṣo tàbí ìjọba, kò sí èyí tó bi olólùfẹ́ kíláàbù léèrè nínú méjèèjì.

Kí ẹ má baà rò pé òyìnbó bọ́ nínú ẹ̀, ẹ wo Arsenal. Tẹ́lẹ̀, àwọn olólùfẹ́ kan ní ìpín kékeré nínú kíláàbù náà, wọ́n lè lọ sípàdé, wọ́n lè béèrè ọ̀rọ̀. Lọ́dún 2018, Kroenke ra gbogbo rẹ̀ tán, òfin sì mú kí àwọn onípìn-ín kéékèèké yẹn ta tiwọn, bí wọ́n fẹ́ bí wọ́n kọ̀. Ti Manchester United, owó yíyá ni ìdílé Glazer fi rà á lọ́dún 2005, gbèsè náà sì wá jókòó sórí kíláàbù fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn wà. Ní Jámánì, òfin sọ pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló gbọ́dọ̀ ní ìbò tó ju ìdajì lọ nínú ọ̀pọ̀ jù lọ kíláàbù. Ní Barcelona, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ń dìbò yan ààrẹ. Lọ́dún 2002, nígbà tí wọ́n fẹ́ kó Wimbledon kúrò ní London lọ sí Milton Keynes, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ dá kíláàbù tiwọn sílẹ̀, AFC Wimbledon, ó sì wà dòní.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gan-an báyìí, torí bọ́ọ̀lù ti ń padà sí Èkó. Wọ́n dá Sporting Lagos sílẹ̀ lọ́dún 2022, Ikorodu City náà sì ti wọ ìpele àkọ́kọ́. Oníkan ni wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ní pápá tí Super ti ń gbá nígbà ayé Adébájọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti tún un kọ́, tí orúkọ rẹ̀ sì ti di Mobolaji Johnson Arena. Àwọn ọ̀dọ́ ń lọ wò wọ́n, wọ́n ń ra jẹ́sì, wọ́n ń kọrin. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mi ò sọ pé àwọn tó ni wọ́n fẹ́ ṣe ibi. Adébájọ náà kò ṣe ibi.

Ohun tí mò ń sọ ni pé ìgbà tí ìfẹ́ ṣì gbóná ló yẹ kéèyàn béèrè ìwé. Kí ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ ní ìpín, bó ti wù kó kéré tó. Kí ẹnì kan nínú wọn jókòó níbi tí àwọn alákòóso ti ń ṣèpàdé. Kí ó wà lákọsílẹ̀ pé a kò lè tà á, a kò lè yí orúkọ rẹ̀ padà, a kò sì lè tú u ká láìbi wọ́n. Bí ẹni tó dá a sílẹ̀ bá kú, tàbí tó bá rẹ̀ ẹ́, kíláàbù á ṣì ní ẹni tó máa dìde fún un.

Bí àgbàlagbà kan bá wà ládùúgbò yín tó jẹ́ ọmọ Super, ẹ bi í nípa Ilerika, ẹ bi í nípa Anieke. Inú rẹ̀ á dùn, á sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Lẹ́yìn náà, ẹ wá bi í pé ọjọ́ wo ló rí Super gbá bọ́ọ̀lù kẹ́yìn.